Ọ̀já-Abẹ̀mí Inú Ìbídùn

Dúró! Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ kí o fetí sílẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Ìtẹ́dó-Òkè, ìlú irin tí àwọn ọmọ Yorùbá kọ́ sójú òfuurufú, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Bó bá wúkọ́, ìtọ̀ a jò. Bó bá rẹ́rìn-ín, ìtọ̀ a jò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Ajò, ṣé òjò ti dá?"

Ó yọ́ lọ bá Jọláadé, oníṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo nílùú náà. Ìyẹn so ọ̀já-abẹ̀mí mọ́ ọn lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ẹran ara tí a gbìn sínú ìgò ni ọ̀já yìí. Bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já di ọmọ mẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló ń gbá àpò ìtọ̀ mọ́ra kó má jò. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ ló fi ń kọ́ ìṣe ara tó bá wọ̀.

Jọláadé kìlọ̀ fún un: "Màmá, ẹ má fò o. Bí ẹ bá fò, á rò pé ẹ ń jábọ́ ni, á fún mọ́ yín títí á fi gé ẹran."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, aṣọ Ìbídùn gbẹ. Ojú tì í láti dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Ó ní àdúrà ló wo òun sàn. Alàgbà Ṣóyọmbọ̀, olórí ìjọ wọn, fà á wá síwájú pẹpẹ kó wá jẹ́rìí.

"Fò, arábìnrin! Fò kí ojú ó ti Sátánì!"

Ó fò. Nǹkan já a jẹ nísàlẹ̀ ikùn. Ìjọ ń hó yèè. Ó tún fò. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé kókósẹ̀.

Ọ̀já náà ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ọwọ́ Jọláadé. Oníṣẹ́ abẹ náà já wọlé tòun ti abẹ. "Bàbá, ẹ dá a dúró! Ẹ jẹ́ n gé e kúrò!"

"Ọ̀bẹ nínú ilé Ọlọ́run? Ìbídùn, ṣé o mọ obìnrin yìí?"

Ìbídùn wo ojú gbogbo ìjọ. "N ò mọ̀ ọ́n rí."

Wọ́n bo dókítà bí eéṣú. Wọ́n fi àga irin gún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ títí ìka fi rún wómúwómú.

Ìgbà náà ni ọ̀já gé wọnú. Ìbídùn ṣubú, ó ń jà raparapa. "Irọ́ ni mo pa! Òun ló tọ́jú mi! Ẹ jẹ́ kó gé e!"

Alàgbà he abẹ nílẹ̀, ó nà án sí dókítà.

"Bàbá," ni Jọláadé wí, "ọwọ́ wo ni kí n fi mú un?"

Iwájú pẹpẹ ni Ìbídùn kú sí.

Ìwọ tí ò ń kà á, Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà náà ló dá ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ. Bí o bá ti fi ìwòsàn dókítà jẹ́rìí èké, mo bẹ̀ ọ́, dìde nísinsìnyí, kí o lọ sọ òtítọ́.