Abẹ́rẹ́ Gún Télọ̀, Télọ̀ Kò Mọ̀

"Dúró ṣinṣin, jàre! Bí o bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, etí aṣọ yìí á wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọkọ ọmọ yín ń rìn bí ẹni tí wọ́n gbàgbé háńgà sínú kóòtù rẹ̀!"

Ọ̀gá Télọ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi abẹ́rẹ́ há etí aṣọ iṣẹ́ funfun tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ wọ̀. Ilé ìwòsàn ni àbúrò yìí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ìyàwó Ọ̀gá Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Bí tọkọtaya náà ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn: ọkọ ń gé, ìyàwó ń rán. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí ọkọ. Ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń bọ̀ lópin ọdún, bàbá sì ti lérí fún gbogbo àdúgbò pé òun lòun máa gé aṣọ ìyàwó náà.

Lójijì, ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ funfun.

"Hà! Ṣé abẹ́rẹ́ gún ẹ lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àtàǹpàkò yín."

Abẹ́rẹ́ wà nínú àtàǹpàkò rẹ̀, ó dúró gbọin-gbọin. Kò mọ̀ rárá.

Ìyàwó dá ẹ̀rọ dúró.

"Kì í ṣe nǹkan kan," ni Ọ̀gá Télọ̀ wí. "Àtàǹpàkò télọ̀ ti yi bí awọ bàtà." Ó fẹ́ fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò ti rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò, tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pinpin.

"Ta ló so yín bí ewúrẹ́?"

"Èmi ni mo rán an fún un," ni ìyàwó fèsì. "Ó lé lọ́dún kan tí ọwọ́ yẹn ti ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Á jí lóru, á máa gbọn ọ́n bí ẹni tó ń gbọn omi dànù. A ní bóyá ó fẹ́ ohun tó máa há a."

"Ẹ̀yin télọ̀! Kò sí ohun tí ẹ ò ní fi rọ́bà há."

Àbúrò ní kí Ọ̀gá Télọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹran ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún ti rẹlẹ̀, bí ìrọ̀rí tí òwú inú rẹ̀ ti dín kù. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, ó sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe wáyà yìí níjọ́ sí?"

"Ẹsẹ̀ tábìlì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ń dákú-dájí, ojú mi rí màbo! Rọ́bà ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ni irin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já."

"Bí iṣan ìmọ̀lára náà ṣe ń bà jẹ́ nìyẹn. Ihò tóóró kan ló ń gbà kọjá ní ọrùn ọwọ́. Bí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ara rẹ̀ dáadáa, á wú. Awọ tó bò ó lóde á nípọn, á le. Ọ̀rá tó wé mọ́ àwọn fọ́nrán inú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán yára dé ọwọ́, á wá fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá tètè gbé ẹsẹ̀ tábìlì kúrò, ara lè tún un ṣe. Bó bá pẹ́ jù, fọ́nrán gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹran tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ á sì máa joro."

Ohùn Ọ̀gá Télọ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé tèmi ti kú ni?"

"Mi ò lè sọ, àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ rọ́bà yìí, ẹsẹ̀ tábìlì kejì ni."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyàwó fi ki àlùmọ́gàjí ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gé rọ́bà náà dànù. Ọ̀gá Télọ̀ na ọwọ́, ó gba àlùmọ́gàjí rẹ̀ padà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n wo bí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ṣe ń gba inú iṣan ìmọ̀lára náà kọjá. Dókítà ní ó ti kọjá ohun tí ìsinmi nìkan lè wò, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan láti dẹ ojú ihò náà. Wọ́n ní kó má mú àlùmọ́gàjí fúngbà díẹ̀. Ta ni yóò wá gé aṣọ ìyàwó?

"Èmi," ni ìyàwó wí.

"Bó bá wọ́ ńkọ́?"

"Bó bá wọ́, màá ní ẹ̀yin lẹ gé e."

Ọkọ jókòó tì í, ó ń pàṣẹ: "Yà sọ́tùn-ún! Rọra! Dúró ná!"

"Bàbá Ìyàwó, aṣọ ni mò ń gé, kì í ṣe mọ́tò ni mò ń wà."

Aṣọ náà kò wọ́. Ọwọ́ ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣan kì í yára hù padà bí irun. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, bàbá kúnlẹ̀, ó ń há etí aṣọ ọmọ rẹ̀.

"Yéè!" Ó fò sókè. "Ó gún mi! Ó dùn mí o! Ẹ wá wò ó, ó dùn mí!" Ó ń fò yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Bàbá mi, ẹ̀jẹ̀ yín ti kán sára aṣọ mi!"

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ránṣẹ́ pé òun ti dé."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ìka yín bá ń kú tipiri, tí ó ń jí yín lójú oorun, tàbí tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fi okùn tàbí rọ́bà dì í. Ẹ máa dá iṣẹ́ dúró lóòrèkóòrè kí ọwọ́ sinmi. Ẹ má fi ọrùn ọwọ́ ti etí tábìlì, ẹ má sì ká a sábẹ́ orí sùn. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí kò bá tíì pẹ́, ohun tí dókítà bá fún yín láti máa fi mú ọrùn ọwọ́ nà lóru lè tó láti wò ó. Ọwọ́ tó ń ta yín ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó máa dákẹ́.