Ìgbà Mẹ́ta Tí A Ti Ọkọ̀ Ọlọ́pàá

"Ẹ tì í! Ẹ má dúró! Ẹ tì í!"

Ohùn bàbá mi nìyẹn. Ó jókòó sídìí sitiarín ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó yọ orí síta lójú fèrèsé, àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́jọ sì gbé àyà lé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ ní Òkukù. Sítáàtà rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìgbà òjò, wọn kò sì tíì fi òmíràn ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Nítorí náà, orí gegele tó wà níwájú àgọ́ ọlọ́pàá ni bàbá mi máa ń gbé e sí, tí yóò kọ imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ jáde, a ó tì í, yóò máa yí lọ. Bàbá mi á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á ki í sí jíà kejì, á wá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì jí. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Baba Oníkọ́.

Ikọ́ nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Bó bá ti sáré díẹ̀, apá òsì ló máa ń fà sí. Bàbá mi máa ń di sitiarín mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ẹ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n bàbá mi, Sájẹ́ǹtì Ògúntóyìnbó, mọ ọkọ̀ náà tinú-tòde. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Mofolúwakẹ́, àìsàn ọkọ̀ kò dẹ́rù bà mí, tí mo bá ti mọ ibi tó ń dùn ún."

Èmi náà mọ̀ díẹ̀. Lóṣù kan ṣáájú ìdánwò àṣekágbá wa, ọkọ̀ náà kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Inísà. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ nǹkan dúdú kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ.

"Rílè nìyí," ó ní. "Inú rẹ̀ ni iná bátìrì ń gbà kọjá kó tó dé ara pọ́ǹpù tó ń fa epo wá láti inú táǹkì. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè ti ọkọ̀ yìí dé Ọ̀fà, kò ní jí."

Rílè ti jó. Bàbá mi gé wáyà kúkúrú kan, ó bó o lórí lápá méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kì í bọ inú méjì nínú ihò mẹ́rin tí rílè ń jókòó lé. A gbọ́ tí pọ́ǹpù ń kùn hùn-ùn-ùn lábẹ́ ọkọ̀. Wáyà ṣíṣẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló gbé wa délé, kí bàbá mi tó ra rílè tuntun fi síbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ya àwòrán ihò mẹ́rin náà sẹ́yìn ìwé físíìsì mi.

Àwòrán yẹn ni Olúsọjí, ọmọ kíláàsì wa, rí.

"Injiníà wa!" ó kígbe ní kíláàsì lọ́jọ́ tó ṣáájú bébà ìkẹyìn. "Ìwọ gan-an la ń wá. Lọ́la, tí a bá ti parí, ọ̀kadà mẹ́wàá la máa gùn dé Inísà, pẹ̀lú fèrè àti ariwo. Ṣùgbọ́n Dípíò, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ti búra pé ọkọ̀ àwọn ló máa dúró ní oríta láti dá wa padà."

"Kí ló wá kàn mí?" mo bi í.

Àrínọlá ló dáhùn. Láti kíláàsì kìíní ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. "Folúwa, wákàtí mẹ́ta péré. Yọ nǹkan kékeré yìí, a ó dá a padà. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń kú, ta ló máa fura?"

"Bàbá mi ló ń wà á."

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Olúsọjí pàtẹ́wọ́. "Ọmọ ọlọ́pàá ni. Kó lọ máa bá bàbá rẹ̀ mú wa."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àrínọlá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló dùn mí jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ náà ti lọ bá wọn ṣọ́ ìwé ìdánwò wá láti Ìkìrun, ó sì ti padà dé. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí rédíétọ̀ lè tutù. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ fún un. Bó ṣe wọlé lọ fọwọ́, mo na ọwọ́, mo fa rílè náà yọ. Kò gbà mí lákòókò ju ti ẹni tó já ewé kan lọ. Mo mú un fún Olúsọjí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán ìdánwò, ó sì fi í sápò.

Nígbà tí a jáde, ọ̀sán ti pọ́n. Àwọn ọmọ kíláàsì ń fi bírò kọ orúkọ sára aṣọ ara wọn, wọ́n ń fọn fèrè. Mo bá Olúsọjí.

"Fún mi ní rílè yẹn."

"Tí a bá dé láti Inísà."

"Olúsọjí, mo ní kí o fún mi!"

Ó ti jókòó sórí ọ̀kadà. Àrínọlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń juwọ́ sí mi, aṣọ funfun rẹ̀ kún fún orúkọ wa. Wọ́n gbéra.

Nígbà yẹn, àwọn ọlọ́pàá ti ti ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò jí. Bàbá mi rò pé ìrìn àárọ̀ ló mú un gbóná. Ó ní kí wọ́n tì í padà sókè kó sinmi. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó dúró ní oríta.

Ní oríta yẹn gan-an, ọ̀kadà Olúsọjí àti òmíràn tó ń bá a sáré kọ lu ara wọn.

Olúsọjí dìde, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó sá wọ igbó. Nígbà tí mo pe fóònù rẹ̀, ó ti pa á. Àrínọlá kò lè dìde. Egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́, ó sì ti yọ jáde lára ẹran. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n gbé e lé wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì Ọmọ́dára sáré dé, ó fi pákó méjì àti ìró di ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìró náà ń pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe ń wò ó.

"Ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkìrun," Nọ́ọ̀sì ní. "Kíá! Ẹ má ká a lẹ́sẹ̀ kò. Ó ní láti dùbúlẹ̀ gbọọrọ."

Bọ́ọ̀sì méjì kọjá, èrò kún inú wọn dẹ́nu. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá nìkan ló lè gbà á.

"Ẹ tì í!" bàbá mi kígbe.

Ọkùnrin mẹ́wàá tì í. Èmi náà wà láàárín wọn. Ó yí dé ìsàlẹ̀, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo rí Dípíò Mákánjúọlá lókè, apá rẹ̀ lẹ́yìn. Mo pa ẹnu mi dé.

Ẹni tó bá ti ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ tí kò jí gbọ́dọ̀ tì í padà gòkè. A tì í gòkè pẹ̀lú òógùn àti èébú. A tì í sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ húkọ́.

"Sájẹ́ǹtì, epo ò sí nínú ọkọ̀ yìí!" Dípíò bú mọ́ bàbá mi níwájú gbogbo ènìyàn. "O ti fà á tà!"

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra, táǹkì dé ààbọ̀."

"Kí ló wá ń ṣe é? Tí ọmọ yìí bá kú, ìwọ ló pa á!"

Ariwo èrò kò jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ pé pọ́ǹpù kò kùn. Ó nu ojú. N kò lè sọ bóyá òógùn ni tàbí omijé. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó máa jí, bí ẹni tí kò mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi tí mo mọ̀.

A tì í gòkè. Kí a tó tì í sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá Àrínọlá ti dé. Ó sán ìró mọ́ ìdí, ó gbé èjìká lé ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàtà rẹ̀ yọ, ó ṣubú lórí òkúta, ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀, kò jí.

Ìyá Àrínọlá wojú mi. "Mofolúwakẹ́, ọmọ mi, jọ̀ọ́, tì í dáadáa. Ọ̀rẹ́ rẹ mà ni."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára ọkọ̀. "Kò lè jí," mo ní. Mo tún un sọ sókè. "Ẹ má tì í mọ́! Bàbá mi, kò lè jí. Rílè pọ́ǹpù kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́."

Ìyá Àrínọlá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ẹ́ gbá mi létí, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá mi kò pariwo. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú wáyà kan jáde nínú àpótí irinṣẹ́. Ó gbìyànjú láti bó o lórí, wáyà náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó he é, ó tún bọ́.

"Kò dúró lọ́wọ́ mi," ó sọ fún mi, kò wojú mi. "Ìwọ ni kí o ṣe é."

Eyín ni mo fi bó o. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kì í bọ ihò méjèèjì. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Hùn-ùn-ùn, pọ́ǹpù kùn. A tì í gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, a tì í sọ̀kalẹ̀, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jí. Láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti ní "Kíá", ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá.

Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì, mo di pákó ẹsẹ̀ Àrínọlá mú. Ètè rẹ̀ ti funfun. Mo ń rí ẹ̀yìn ọrùn bàbá mi láti ojú gíláàsì, bó ṣe ń fi gbogbo ara fa sitiarín sápá ọ̀tún kí ọkọ̀ má baà gbé wa wọ kòtò. A la ọjà Inísà kọjá, ó ń tẹ fèrè láìgbé ọwọ́ kúrò. Ọkọ̀ náà kò kú lójú ọ̀nà. Kò já wa kulẹ̀ títí a fi dé Ìkìrun.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi wá ní aago tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a sọ fún un, ó mi orí. Àrínọlá kò kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti pẹ́ jù láìrí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Mo kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì fọwọ́ sí i. Ilé ẹ̀kọ́ kò fún mi ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere. Wọ́n mú Olúsọjí ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, rílè ṣì wà lápò ṣòkòtò rẹ̀. Dípíò tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ epo, ṣùgbọ́n ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, nítorí pé bàbá mi fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣíṣí láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹnu géètì ló ń dúró sí báyìí. Láràárọ̀ ó ń wo ẹlòmíràn tó ń gbìyànjú láti mú Baba Oníkọ́ jí, tí kò mọ ibi tó ń dùn ún.

Ó di oṣù kejì kí n tó láyà láti lọ sọ́dọ̀ Àrínọlá. Igi tó fi ń rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo fa àga kan, mo jókòó.

"Mo ń gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn," ó ní nígbà tó yá. "Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ tì í kí o tó sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni."

"Èmi náà mọ ohun tó ṣe é. Ẹnu mi ni kò lè sọ ọ́ mọ́." Ó yí ojú sí ògiri. "Ìwọ, ẹnu tìẹ ṣì lè sọ ọ́."

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí àwọn ọ̀rẹ́ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín kí o lè ṣe ohun tí kò tọ́, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí o bá sì ti ṣe é ná, sọ ọ́ ní kíá, bó ti wù kí ìtìjú náà tó. Nǹkan tí mo yọ kò ju páálí ìṣáná lọ, wáyà kékeré sì tó láti dípò rẹ̀. Ohun tó gba ẹsẹ̀ Àrínọlá ni ìgbà mẹ́ta tí mo gbé àyà lé ọkọ̀ tí mo mọ̀ pé kò lè jí.