Orúkọ Tí Àsíbì Ń Pè

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Àsíbì ṣì ń bá Wúńpíní du ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sin ín. Ọrùn rẹ̀ gan, ara rẹ̀ gbóná janjan, kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀: Ayíṣétù.

Ayíṣétù ni ìyá àgbà Wúńpíní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ náà ń gbé. Láàárín àwọn Dàgọ́ńbà, ìhà àríwá Gánà níbi tí wọ́n ń gbé, ẹni tí aláìsàn bá ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ibà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí. Òun ló ń pa á jẹ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ní yírùnyírùn ni, pé bí ooru bá mú báyìí, ó máa ń jà. Fùlẹ́rá, ìyá olóògbé, ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì yẹn, kí ló dé tó jẹ́ tòun ni ooru rí mú? Nǹkan mìíràn tún wà. Nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú, wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ wà ní dídì, ẹ̀gbẹ́ kejì tú wúruwùru. Làwọn obìnrin ìdí kànga bá gbé e pé àjẹ́ ló tú u, tó sì mú nínú irun náà lọ, àti pé òwìwí kan ń ké lórí igi òrí ẹ̀yìnkùlé Ayíṣétù. Òwìwí yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Wúńpíní.

Nílé ìwé, Wúńpíní kò rójú kọ nǹkan kan. Bó bá tẹrí ba, á gbọ́ èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, bí Àsíbì ṣe máa ń na ọrùn wo iṣẹ́ rẹ̀. Á sún díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ráyè jókòó, kó tó rántí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fùlẹ́rá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn.

"Ìyá, ẹ ti jẹ ẹran rẹ̀ tán. Ẹ fún mi ní irun rẹ̀ tó kù."

"Fùlẹ́rá, èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yẹn."

"Àtìgbà yẹn lẹ ti ń wò ó nìyẹn."

Àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ tíndáánà, ẹni tó ń bọ ilẹ̀ ìlú. Yóò dúńbú àkùkọ, yóò jù ú sílẹ̀. Bí àkùkọ bá kú tó dojú bolẹ̀, Ayíṣétù yóò lọ sí abúlé tí wọ́n ń kó àwọn àjẹ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Bó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó jáde nílé, ìyá àgbà ti ká ẹní rẹ̀. Wúńpíní bi í léèrè ìdí.

"Àkùkọ ò mọ̀ mí, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá rẹ̀, tíndáánà bèèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Wúńpíní, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, tún gbọ́ èémí yẹn létí, ó sì bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

Fùlẹ́rá ní ta ló ń bi ọmọdé. Tíndáánà ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́.

Wúńpíní ní nígbà tí Fùlẹ́rá lọ sí ọjà Yẹ́ńdì ni Àsíbì wá di irun nílé àwọn. Ilẹ̀ ṣú nígbà tó ku ẹ̀gbẹ́ kan, ojú ìyá àgbà kò sì ríran lálẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì Àsíbì fi ìborùn bo orí wá sílé ìwé, ojú ń tì í.

"Ó ń bi mí ṣáá bóyá ìyá mi àgbà á ráyè parí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni ibà ká a mọ́. Kò bẹ̀rù wọn. Ó ń pè wọ́n kí wọ́n wá parí irun òun ni."

Tíndáánà fa ọ̀bẹ sí ọrùn àkùkọ, ó jù ú sílẹ̀. Àkùkọ fò, ó ṣubú, ó dojú bolẹ̀. Wúńpíní di aṣọ ìyá àgbà mú. Àkùkọ tún jà pìtìpìtì nínú eruku, ó yí padà, ó kọ àyà sókè, kò mira mọ́.

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í túká. Fùlẹ́rá nìkan ni kò kúrò lójú kan. Ó wo àkùkọ, ó wo ìyá arúgbó náà.

"Ta ni kí n wá máa bínú sí báyìí?" Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá.

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn.

"Máa bínú sí mi, Fùlẹ́rá. Ilé mi ò kúkú jìnnà."