Ta Ni Yóò Bá Ọ Dáhùn?

Bámidáhùn kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n fún un lórúkọ náà ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń kàwé, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Olùkọ́ wọn obìnrin a máa pe orúkọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwọn àjèjì a máa há a lẹ́nu, nítorí náà kì í gbójú sókè. Bó bá ti gbọ́ ohùn kan tó ní, "Mo wà níbí," ó ti kọjá sórí ẹlòmíràn. Bámidáhùn a máa mutí títí di ìdájí lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ a sì mọ́ kó má lè dìde. Á kàn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jayéjayé pé, "Bá mi dáhùn o." Jayéjayé á yí ohùn padà, á bá a dáhùn, òun á sì máa hanrun lọ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kò jẹ́ bá a dáhùn láé. Pásítọ̀ ni wọ́n ń pe ẹni yìí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ní ìjọ kankan níkàáwọ́, ó kàn fẹ́ràn Jésù ni. "Mi ò lè sọ pé o wà níbi tó ò sí," ni yóò wí. Bó bá sì bi í nípa ọkàn rẹ̀, Bámidáhùn á bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá mi ń gbààwẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọn kì í sùn. Tèmi wà nínú tiwọn. Jẹ́ n jayé mi."

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ọ̀rẹ́ mi," ni Pásítọ̀ fi dá a lóhùn.

Òótọ́ ni pé ìyá náà ń gbàdúrà. Opó ni, aránṣọ ni. Bó ti ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì ló ń fẹnu bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ wá sọ àdúrà ìyá di ìrọ̀rí, ó gbórí lé e, ó sùn fọnfọn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ fi bọ́ọ̀sì kó wọn lọ wo ìlú àtijọ́ kan. Wọ́n rí odi òkúta, wọ́n rí ilé ìṣọ́ gíga, wọ́n ya fọ́tò títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n. Ibi tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ni ihò ńlá abẹ́ ìlú náà, níbi tí àwọn ará ìgbàanì ń kó egungun òkú wọn sí.

Obìnrin tó ń mú wọn yípo kìlọ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má kọjá okùn o. Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀yìn lónìí. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn yìí, ó di òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn ká tó ṣí i."

Òtútù bá wọn nísàlẹ̀. Wọ́n ti to egungun jọ lára ògiri bí igi ìdáná, wọ́n wá to agbárí lé e lórí. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: gbogbo wọn ń ṣe bí akin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ rìn gbẹ̀yìn. Ara ọmọbìnrin kan kò tilẹ̀ gbà á mọ́, Pásítọ̀ sì mú un jáde ṣáájú lọ sínú bọ́ọ̀sì.

Bámidáhùn ní tiẹ̀ ti fi ìgò ọtí pẹlẹbẹ kan sápò. Ó fọwọ́ tọ́ Jayéjayé.

"Mo fẹ́ bá àwọn bàbá yìí ya fọ́tò. Tí wọ́n bá pe orúkọ, o mọ ohun tó o máa ṣe."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá, ó yà sí kọ̀rọ̀ kan, ó yà sí òmíràn. Ó da ọtí sọ́fun. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti agbárí kan, ó gbé fóònù sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Gbogbo iná kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn irin pa dé lókèèrè.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tan fóònù wo ọ̀nà, ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ tó gbà wọlé jọ gbogbo kọ̀rọ̀ yòókù. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Fọ́tò yíyà sì ti mu bátìrì gbẹ, fóònù kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fọwọ́ wá ògiri, eyín òkú ni ìka rẹ̀ bà. Ó kígbe.

"Mo wà níbí! Ẹ gbà mí o, mo wà níbí!"

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò sí olùkọ́ tí yóò gbọ́ ọ.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ lókè. Jayéjayé ti dáhùn. Lójú gbogbo wọn, ó wà nínú bọ́ọ̀sì. Ta ni yóò wá ẹni tó ti dáhùn?

Ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi tọ̀ sára. Ó sáré, ó forí gbá, ó ṣubú. Ó fẹ́ sọ pé, "Ọlọ́run ìyá mi," ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ó bá kú sínú òkùnkùn yìí, tí a sì pe orúkọ rẹ̀ níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run, ìyá rẹ̀ kò ní lè bá a yí ohùn padà.

Ó kúnlẹ̀ láàárín egungun.

"Olúwa, èmi ni. Kì í ṣe màmá mi, èmi ni. Ọ̀mùtí ni mí, òpùrọ́ ni mí. Jésù, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń pè mí, èmi ni mi ò dáhùn. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ yín wẹ̀ mí. Ẹ yọ mí o, ẹ fi mí síbí o, tiyín ni mí."

Ilẹ̀kùn kò ṣí. Òkùnkùn kò dín kù. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó ń sunkún, ó ń pe Jésù.

Ó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Pásítọ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Mo wà níbí!" ni ó kígbe, ó sì ń rákò lọ síbi ìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ tún orúkọ pè nínú bọ́ọ̀sì, Jayéjayé tún dáhùn, nítorí ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ti jáde, ó sì ti yọ́ lọ sílé ọtí. Dẹ́rẹ́bà ti ṣáná sọ́kọ̀ nígbà tí Pásítọ̀ dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó dáhùn kọ́ ló ni orúkọ yẹn. Àyè rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Jayéjayé bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Wọ́n sáré padà, wọ́n bá obìnrin náà níbi tó ti ń wọ ẹ̀wù òtútù láti relé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé yàrá, ó gbé fóònù sí iná, ó sì pe ìyá rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí maṣíìnì ṣe ń kùn.

"Màmá, mo ti dáhùn fúnra mi."

Maṣíìnì dákẹ́. "Ọmọ mi, ta lo dá lóhùn?"

"Jésù ni, mà."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú omijé ayọ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ṣé ìyá rẹ tó ń gbàdúrà lo gbójú lé? Àbí ọkọ rẹ tó jẹ́ alàgbà, àbí àyè tí ìdílé yín máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó pe orúkọ rẹ. Ẹni tó ń pè é mọ ohùn rẹ, kì í wo ilẹ̀ bó bá ń pe orúkọ. Jayéjayé kankan kò ní lè dáhùn fún ọ lọ́jọ́ náà.

Èmi kò mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò tì. Ìwọ náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ṣí bí o ti ń kà á lọ yìí, Jésù tó kú nítorí rẹ sì dúró lẹ́nu rẹ̀, ó ń pè ọ́. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé, "Olúwa, mo wà níbí."