Hassanat Gbé Mẹ́gáàdì Lọ Sílé Ìwé

Hassanat kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àpò fúláwà inú sítọ̀ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ lọ sẹ́yìn àpò tó kángun sí ògiri, ó ń wá nǹkan kan tó rí róbótó bí ìdérí agolo mílíìkì. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ti funfun láti orúnkún dé igbá àyà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tẹ nǹkan náà báyìí ni ìyá rẹ̀ pariwo láti ìta.

“Hassanat! Ṣé ilé ìwé lò ń lọ ni, àbí o fẹ́ bá mi dín ṣinṣín?”

“Mò ń bọ̀, Màámi! Bàtà mi ni mò ń wá.”

Irọ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn, oòrùn kò sì tíì yọ tán.

Mẹ́gáàdì ni wọ́n ń pe ohun róbótó tó yára jù sínú báàgì rẹ̀ yẹn nílé wọn. Gàfárù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Àbújá, ló ra méjì wá. Ọ̀kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù nílé ìdáná, èkejì wà ní sítọ̀ tó fara ti ilé ìdáná. Irin kéékèèké méjì ló wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá kan irin wọ̀nyí, Mẹ́gáàdì á figbe ta, á sì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí fóònù Hassanat, ibi yòówù kí fóònù náà wà. Gàfárù kò ra nǹkan wọ̀nyí fún fáàrí o. Lọ́dún tó kọjá, omi ya wọ sítọ̀, gbogbo fúláwà ìyá wọn sì di kókó. Bàbá wọn ti kú. Ṣinṣín tí ìyá wọn ń dín fún àwọn ìsọ̀ ládùúgbò Ungwan Rimi ní Kàdúná ni gbogbo ilé ń jẹ, òun náà ló ń rán Hassanat nílé ìwé. Táàmù kan gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sílé kí iṣẹ́ tó tún gbéra.

Ẹni tó bá ti gbé Kàdúná rí mọ ìwà omi ìjọba. Ó lè lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó wá dé ní ọ̀sán gangan nígbà tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá ti lọ, ńṣe ni àwọn èèyàn máa ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á sì gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, kí omi má baà wá kó tún yọ́ lọ. Àṣà yìí gan-an ló kó bá wọn lọ́dún náà. O ò wá rí nǹkan? Nígbà tí Mẹ́gáàdì dé, ìyá Hassanat kò jáwọ́ nínú àṣà náà, ńṣe ló tún fọkàn balẹ̀ sí i. Mẹ́gáàdì ló sọ di alágbàsọ tó ń kéde pé omi ti dé! Bó bá ń lọ sọ́jà, á mú fóònù Hassanat dání, torí ilé ìwé kò fẹ́ fóònù. Bí Mẹ́gáàdì ilé ìdáná bá ti ké, á wọ kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́pù, ó di ilé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí ni ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní ni yóò ṣojú ilé ìwé wọn níwájú gbogbo ìpínlẹ̀. Hassanat fẹ́ ipò náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Àmọ́ oṣù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń so wáyà pọ̀ mọ́ wáyà, fíìmù ni òun fi ń wò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bilqees ló fún un ní ìmọ̀ràn.

“Haba! Nǹkan wà nílé yín, o tún ń ronú. Yọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀, kó o fi páálí bò ó. Wallahi, ta ló máa mọ̀?”

Bí Hassanat ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, ó ní, “Màámi, wọ́n ní ká mú fóònù wá lónìí. Fún ìpàtẹ ni.”

“Ó dáa, mú un lọ. Mi ò ní pẹ́ lọ́jà.” Ìyá rẹ̀ ń to àwọn ọ̀rá ṣinṣín sínú agbọ̀n. “Mẹ́gáàdì kúkú wà nílé.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Hassanat nínú. Ó yára jáde.

Nílé ìwé, àwọn adájọ́ dúró níwájú tábìlì rẹ̀. Hassanat da omi díẹ̀ sábẹ́ Mẹ́gáàdì tó fi páálí bò. Kíá, Mẹ́gáàdì han gooro, fóònù náà sì dáhùn. Àwọn adájọ́ wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ lo ṣe èyí?” Ọ̀gbẹ́ni Aaron, olùkọ́ fisíìsì wọn, ló bi í, inú rẹ̀ dùn dé gongo.

“Èmi ni, sà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà kò tíì rọlẹ̀ tí fóònù tún fi ké. Hassanat bojú wò ó. Ohun tí fóònù kọ kì í ṣe sítọ̀ mọ́: omi wà nílé ìdáná.

“Ẹ ò rí i, ó tún ní òmíràn!” ni adájọ́ kan wí.

Hassanat fẹyín, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ wà lọ́jà láìsí fóònù tó lè sọ fún un. Bilqees sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé, “Pa á jàre! Jẹ́ kí wọ́n kọ máàkì ná.” Hassanat fi àtàǹpàkò pa á. Ó dáhùn ìbéèrè kan, ó dáhùn òmíràn. Fóònù tún ké. Ó tún pa á. Ìgbà tó ké lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń rí àwọn àpò fúláwà ìyá rẹ̀ kedere lójú ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò lè dúró mọ́. Ó ní inú ń run òun, ó ju Mẹ́gáàdì sínú báàgì, ó sì fẹsẹ̀ fẹ.

Ojú pópó ládùúgbò wọn ń dún fún ariwo ọmọdé: “Ruwa ya zo! Ruwa ya zo!” Omi ti dé, inú gbogbo ayé ń dùn, àyà Hassanat nìkan ló ń já. Ó ṣílẹ̀kùn. Omi ti gba ilé ìdáná, ó sì ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ sítọ̀. Ó ti ẹnu ẹ̀rọ pa, ó ká aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àpò jáde. Àpò fúláwà kì í ṣe ohun tí ọmọbìnrin kan ń dá gbé, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ó ń sunkún, ó ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a.

Ìyá náà ju agbọ̀n sílẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó la àpò kan tó rẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti di lẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ ṣì gbẹ. “Alhamdulillah. Gbé asẹ́ wá,” ló wí. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń bu èyí tó gbẹ, wọ́n ń da èyí tó bàjẹ́ nù. Èyí tí wọ́n dà nù kò kéré.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ béèrè pé, “Ti sítọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ké lórí fóònù rẹ?”

“Ti ilé ìdáná ló ké, Màámi.”

“Ti sítọ̀ kò ké?” Ó mí kanlẹ̀. “Ó sùn nìyẹn. Mẹ́gáàdì tó ń sùn, kí la fẹ́ fi ṣe? Bá mi pe Gàfárù, kó wá kó méjèèjì lọ. Mi ò fẹ́ wọn nílé mi mọ́.”

Fóònù kùn lọ́wọ́ Hassanat. Bilqees ló kọ̀wé: ìwọ lo gba ipò kìn-ín-ní!

Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń rọrùn tó. Bí Hassanat bá dákẹ́, ipò kìn-ín-ní di tirẹ̀, ẹ̀rọ tí kò lẹ́nu ni yóò sì ru ẹ̀bi. Yàtọ̀ sí Bilqees, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n wọn ó kó Mẹ́gáàdì lọ, omi Kàdúná kò sì ní jáwọ́ nínú ìwà rẹ̀. Hassanat nu ojú, ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀ wá, ó sì yọ Mẹ́gáàdì síwájú ìyá rẹ̀.

“Kò sùn, Màámi. Kò sí níbẹ̀ ni. Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwé, mo ní èmi ni mo ṣe é.”

Asẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. “O gbé mẹ́gáàdì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, o wá jókòó tì mí, o jẹ́ kí n máa bú u pé ó sùn?”

“Ẹ má bínú, Màámi.”

“Mo bínú! Kí ló wá dé tó o fi ń sọ fún mi? Ǹ bá má mọ̀.”

“Bí ẹ bá lé e, omi á tún wọlé.”

Ìyá rẹ̀ gbé asẹ́ sílẹ̀. “Irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ìwọ tiẹ̀ dúró de òtítọ́ kí ọjọ́ tó lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kù. O gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ níbi tó o ti purọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, Bilqees dí i lọ́nà ní ẹnu géètì. “Kai, Hassanat! Ṣé o fẹ́ kó bá èmi náà ni?”

“Mi ò ní dárúkọ rẹ. Ọwọ́ mi ló gbé e.” Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Aaron.

Olùkọ́ náà kò gbà á mọ́ra. Ó ní kó lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé ìwé, kó sì gbàgbé ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì títí táàmù yóò fi parí. Hassanat dúró sórí pèpéle, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n hó lé e lórí. Síbẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi pé. Ipò kìn-ín-ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fẹ́ jáde, Hassanat ló ń ti ẹnu ẹ̀rọ pa. Ìyá rẹ̀ kùn sí i.

“Bí omi bá wá tó tún lọ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó lọ, Màámi. Bó bá lọ, á tún padà wá.” Ìyá náà rẹ́rìn-ín, kò sì bá a jiyàn mọ́. Nírọ̀lẹ́, Hassanat ń dín ṣinṣín títí apá rẹ̀ fi ń ro ó, kí àwọn oníbàárà tó ti sanwó lè rí ọjà wọn gbà.

Àmọ́ ohun kan kò tètè tán. Láràárọ̀, kí Hassanat tó lọ sílé ìwé, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ wọ sítọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wò ó bóyá Mẹ́gáàdì wà ní ipò rẹ̀. Ó dun Hassanat dé egungun, ṣùgbọ́n kò ráhùn. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìyá rẹ̀ yóò fi jáde. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀rọ lè bá wa ṣọ́ ilé lọ́wọ́ omi. Kò lè bá wa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ìwà ara wa. Fúláwà tó sì bàjẹ́, a lè ra òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹni tó bá bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Hassanat tún dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ na owó kẹ̀kẹ́ sí i.

“Kí lò ń dúró ṣe?” ló bi í. “Máa lọ, ilẹ̀ ti ń mọ́.”

Kò wọ sítọ̀.