Kọ́là Inú Sípíkà

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ohùn orin o. Etí tí mo ní, òfófó ni mo fi ń gbọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìdí tí sípíkà fi lè húkọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, màá ní kó lọ bi àwọn tó kàwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé télọ̀ kan nìkan ni mo lè sọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Télọ̀ náà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí yàrá wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa orin, ó sì ti yọ wáyà, ni ẹnì kan bá húkọ́.

"Ìwọ lo húkọ́ yẹn?" ìyàwó bi í.

Télọ̀ ní òun kọ́, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ aládùúgbò. Ìyàwó wo ara ògiri, ó wo sípíkà. Obìnrin yìí mọ ohùn. Òun ló ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti èyí tó ń lọ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ohùn rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìgbádùn wà nílé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bá ìgbádùn jà nítorí ikọ́.

Àlòkù ni sípíkà méjèèjì. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó ẹrù kúrò nílé ni télọ̀ ti rà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú, ẹni tó tà á ló tún wá ń dúpẹ́. Ìyẹn gan-an yẹ kó kọ ọ́ lóminú. Nígbà tó kọ́kọ́ tàn wọ́n, orin ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àgbá. Ó pe káfíńtà tó ń gbé nísàlẹ̀, ọkùnrin tó dá a lójú pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí òun ò lè tún gbẹ́ kó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káfíńtà fi ìka kan àpótí náà, ó ní inú rẹ̀ ṣófo jù, kí télọ̀ wá aṣọ kì sí i, ariwo yẹn á rọlẹ̀. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbóòórùn ìka ara rẹ̀, ó sì nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń la pákó," ló sọ jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ igi tí èyí jẹ́."

Ta ló ń gbọ́ ti igi? Àpò kan wà lábẹ́ tábìlì télọ̀, tó kún fún àgékù aṣọ àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ó tú ẹ̀yìn sípíkà, ó ki àgékù sínú méjèèjì, ó tan orin, ó sì dẹ etí sí i. Ó gbọ́ bí olórin ṣe gbé itọ́ mì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ìka tó kúrò lórí okùn gìtá. Àwọn olówó tó ra ẹ̀rọ tó ga ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ariwo làwọn yẹn ń rà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, tíṣà kan wá wọ aṣọ tó fún un rán wò. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ojúde kí òun alára tó jáde nílé ni. Lọ́jọ́ yìí, bébà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohùn òun ti lọ láti ọjọ́ Sátidé, pé dókítà tan iná wo ọ̀fun òun, kò rí nǹkan kan. Télọ̀ bá a kẹ́dùn, ó wọn ìbàdí rẹ̀, ó sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á ti máa dúpẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbọ́ ọ. Lẹ́yìn olórin, ní ọ̀nà jíjìn, obìnrin kan ń sọ̀rọ̀. "Ẹ jókòó. Ẹ dákẹ́. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn?"

Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Télọ̀ pa orin, ó tú àpótí. Àwọn àgékù náà gbóná, wọ́n sì rin fún omi, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ènìyàn. Ó wá ti tíṣà rí, aláwọ̀ búlúù tó ní àmì tótòtó funfun, ó fi ìka méjì fà á jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tíṣà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi gbogbo ohùn rẹ̀ ráhùn pé apá aṣọ fún òun jù. Télọ̀ sá lọ sílé, ó kó gbogbo àgékù padà sínú àpò.

Ọlọ́gbọ́n á dúró síbẹ̀. Télọ̀ gbọ́n fún odindi ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta ni orin fi padà sínú àgbá. Lọ́jọ́ kẹrin, onílé wọn dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń pariwo nítorí omi tó dà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni onílé yìí ń fi wákàtí kan sọ, àwọn ayálégbé sì ti fún un lórúkọ, Baba Aláago. Télọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ohùn yìí bá lọ sinmi díẹ̀, ta ni yóò sunkún? Ó tú ìdí àpò, ó rí kọ́là aláwọ̀ eérú kan tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń rán kóòtù onílé. Ó kì í sí sípíkà ọwọ́ ọ̀tún.

Ilẹ̀ mọ́, onílé ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ayálégbé ń kí ara wọn lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Orin náà ńkọ́? Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìrọ̀rùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń wọni lára, tí télọ̀ fi ń ṣe kàyéfì pé báwo ni ọ̀fun onílé ṣe ní irú adùn bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀: àárín ìkéde ni ohùn òun já. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ní òun fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹlòmíì á jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Sípíkà tí kò sí lára iná ló dáhùn, ní pẹ̀lẹ́. "Ọkọ̀ aago kan ti ń wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn."

Télọ̀ fi ọwọ́ ya ẹ̀yìn àpótí náà, ó fa kọ́là jáde, ó yí inú rẹ̀ síta. Aláwọ̀ ewé ni inú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí. Aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kọ́là kó lè dúró ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń rán kóòtù onílé, ló bá fi èyí tó kù lára yúnífọ́ọ̀mù ìyàwó rẹ̀ dípò. Gbogbo télọ̀ ló ń ṣe é, oníbàárà wo ló ń ṣí abẹ́ kọ́là wò? Ó rán an pọ̀ tán kó tó rí i pé òun gé e kúrú, ló bá jù ú sínú àpò.

Wọ́n dúró kí ohùn padà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onílé yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó di ọ̀fun rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ìbẹ̀rù. Ó la ẹnu.

"Télọ̀ mi," ni ohùn ìyàwó wí láti ẹnu rẹ̀, "kí ló ṣe mí?"

Kò sí ẹlòmíì láyé tó ń pè é ní Télọ̀ mi. Lábẹ́ ohùn náà, bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú aṣọ, ti onílé ń kùn. Wọ́n rán ohùn méjèèjì pọ̀ wọlé, wọ́n sì jọ jáde síbì kan náà.

Télọ̀ mú abẹ tó fi ń tú ojú rírán. Ó gé òwú àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ gé mọ́ onílé lẹ́nu, "Té" sì jáde lẹ́nu ìyàwó, ohùn tirẹ̀ gan-an, ó kéré bí ti ọmọ ọwọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ̀jẹ̀ yọ níwájú ọrùn ìyàwó, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Télọ̀ ka òwú tó kù. Méjìdínlógójì ni. Ìyàwó na ọrùn sí i, ó mi orí pé kó máa bá a lọ.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni abẹ yẹn wà, ṣé ẹ ó gé èkejì?