Òdo Ni Ìṣípò Mi

Orí gbogbo àdúgbò ló fò lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé girama ni ìyàwó rẹ̀ bá nílẹ̀ pálọ̀, orí rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀mí ti bọ́. Aago mẹ́rin ni obìnrin náà jáde. Aago márùn-ún ló wọlé. Dírẹ́bà tó bá ọ̀gá jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Lọ́jọ́ kejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, obìnrin, wọ yàrá físíìsì ilé-ìwé náà, ó sì kúnlẹ̀ fún tíṣà àgbà tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní kékeré.

"Dìde, ọmọ mi, kí aṣọ ìjọba má dọ̀tí."

Ó dìde. Etí ṣòkòtò bàbá náà dúdú níhà ọ̀tún.

Sájẹ́ǹtì tó bá a wá béèrè: "Bàbá, láàrin aago mẹ́rin sí márùn-ún lánàá, ibo lẹ rìn dé?"

"Ìṣípò mi láàrin àsìkò yẹn, òdo ni."

"Grámà rèé o! Ẹ ò kúrò lójú kan nìyẹn?"

"Ohun tí mo sọ lo gbọ́."

Ọlọ́dẹ ẹnu géètì gbè é lẹ́sẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ní aago mẹ́rin, orí àga yẹn ni wọ́n wà. Ní márùn-ún, orí ẹ̀ náà ni."

"Láàrin méjèèjì ńkọ́?"

"Háà, màdáámù, ẹ̀yìn ọgbà ni mo ti ń gé koríko."

Níta, dírẹ́bà ń sunkún nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá tó fẹ́ gbé e lọ sí àtìmọ́lé. "Ẹ gbà mí! Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo bá ọ̀gá sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó tún yọ ọ́ padà. Ó padà wọlé.

"Sà, ibi tí ẹ rìn dé ni wọ́n bi yín. Ìṣípò lẹ fi dáhùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ewúrẹ́ tó jẹ kiri títí, tó tún padà sídìí èèkàn, òdo ni ìṣípò rẹ̀, bó ti wù kí ìrìn rẹ̀ gùn tó."

Sájẹ́ǹtì ní: "Màdáámù, ilé ọ̀gá jìnnà! Àgbàlagbà ò lè fẹsẹ̀ rìn ín lọ-bọ̀ láàrin wákàtí kan."

"Ta ní fẹsẹ̀ rìn? Òróró ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló wà létí ṣòkòtò wọn yẹn. Ẹ wo ibi tí ènìyàn ti gbéra àti ibi tó padà sí nìkan, ẹ ó ní ìyára rẹ̀ náà òdo ni. Ṣé ẹni tó sáré lọ, tó sáré bọ̀, kò sáré ni?"



"Mi ò lè fi físíìsì purọ́," ni tíṣà wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ̀gá náà ní kékeré. Lánàá, mo tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, ó gbá mi létí níwájú kíláàsì. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a nílé pé kó tọrọ àforíjì. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ni mo bá fọ́ ọ lórí."



"Ẹ tú dírẹ́bà sílẹ̀," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́.

Tíṣà na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yanjú ìbéèrè?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. Máàkì ẹ pé."